Ìyá Mi, Onílé Afọ́kùúta

Ìbéèrè kan wà tí àwọn àgbà Ìlá máa ń bi àlejò kí ó tó jókòó dáadáa: "Ta ni onílé rẹ?" Kì í ṣe ẹni tó ni yàrá tó ń sùn sí nìkan ni wọ́n ń bèèrè. Ẹni tí yóò jáde wá ní "èmi nìyí" bí nǹkan bá ṣe é ni wọ́n ń bèèrè. Àwọn lébìrà tó máa ń wá láti òdìkejì odò Ọya, tí wọ́n ń bá àwọn bàbá wa kọ ebè, tí wọ́n ń ro oko kòkó, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní onílé. Ọjọ́ tó bá dé, onílé rẹ̀ á mú un lọ sọ́dọ̀ olórí àdúgbò, á ní ọmọ lágbájá nìyí, ìlú báyìí ni wọ́n ti bí i. Ọjọ́ tó bá ń lọ, á gbé ẹrù rẹ̀ wá dágbére, onílé á ṣàdúrà fún un, á sìn ín dé gáréèjì, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi gbéra. Mo rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe nìyẹn. Àṣé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní àárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí epo ọkọ̀ di ohun tí a ń tò fún láti ìdájí, ilé-iṣẹ́ kan dé sí ẹ̀bá àpáta ńlá kan lójú ọ̀nà Ọ̀rà. Wọ́n fẹ́ fọ́ òkúta fún iṣẹ́ ọ̀nà. Mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ nígbà náà, ilé ni mo sì ti ń lọ. Inú ìlú dùn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò wa ti ń fi ẹnu pín iṣẹ́ láàárín ara wọn: èmi á wa ọkọ̀, ìwọ á ṣọ́ ẹ̀rọ. Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni lọ́rì ti kó àwọn ọmọkùnrin kan kọjá láàárín ìlú, wọ́n jókòó lé ẹrù wọn, eruku bò wọ́n lójú. Wọ́n kó wọn lọ tààrà sínú ilé páànù gbọọrọ kan tí wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ká, wọ́n sì fi mẹ́gáàdì sí ẹnu géètì.

Nígbà tí wọ́n bi ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà pé kí ló dé tí kò gba ọmọ ìlú, ó ní ọmọ ìlú a máa sá lọ sílé bí bàbá rẹ̀ bá ń ṣàìsàn, a máa lọ síbi ọdún, tí nǹkan bá sì ṣe é, ẹbí rẹ̀ á dé. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́. Nítorí tiwa ni inú ṣe bí mi. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó ro ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ fún àwọn tó kó wá.

Olórí àdúgbò wa, bàbá arúgbó kan tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwa, lọ bá ọ̀gá náà. Ó fẹ́ mọ onílé àwọn ọmọ náà. Ọ̀gá náà fún un ní àga, ó fún un ní míníràlì tútù, ó ní, "Baba, ilé-iṣẹ́ ni onílé wọn. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu." Bàbá padà dé, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìyá mi. Aránṣọ ni ìyá mi, opó ni, ìdí maṣíìnì rẹ̀ ló ti ń rí gbogbo ohun tó ń lọ ládùúgbò.

"Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ni onílé wọn," ni bàbá wí. "Bí ọ̀kan nínú wọn bá dákẹ́ lọ́la, ìlú wo ni n ó ránṣẹ́ sí?"

Ìyá mi kò gbójú kúrò lára aṣọ tó ń rán. "Ẹ má fẹnu yín pè é, Baba," ló sọ.

Láti ọjọ́ náà ni ara ti ń fu mí. Lójoojúmọ́, tó bá di ọ̀sán, fèrè á dún lápá ọ̀nà Ọ̀rà, gbogbo nǹkan á dákẹ́, ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta á sì bú. Ilẹ̀ á mì. Àwọn ife á máa rọ́ lu ara wọn nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa, àwọn ewúrẹ́ á tú ká. Nígbà tó ṣe, ó mọ́ wa lára. Ìyá mi a kàn gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì, a dúró kí ó mì tán, a tún bẹ̀rẹ̀. Èmi ni kò mọ́ lára. Mo máa ń rò ó pé bí ilẹ̀ bá ń mì báyìí lọ́dọ̀ wa, báwo ló ṣe ń rí lọ́dọ̀ àwọn tó wà nídìí rẹ̀?

Ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n máa ń jẹ́ kí díẹ̀ nínú wọn jáde. Ọjọ́ Àìkú kan báyìí ni ọ̀kan yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, sílípáàsì ló wọ̀, eruku òkúta ti sọ irun rẹ̀ di ewú. Ó mú aṣọ gínnì búlúù kan dání nínú ọ̀rá. Ó ní, "Mama, o kú iṣẹ́."

Mo wò ó láti òkè délẹ̀. "Ta lò ń kí ní 'o kú iṣẹ́'? Ẹgbẹ́ ẹ ni?"

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. N kò fi í sílẹ̀. Mo ní kó tún un kí. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́," ó tún yíjú sí èmi náà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí," ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí àgékù aṣọ tó wà nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni n kò fi ohun tó pọ̀ jù ú lọ́jọ́ orí. Bí ẹ̀rín ṣe pa mí nìyẹn. Láti ìgbà yẹn ni a ti di ọ̀rẹ́.

Yorùbá tó ń sọ, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Bàbá náà ti ṣe lébìrà nínú oko lápá Ọ̀rà nígbà èwe rẹ̀ kó tó padà sí ìlú wọn lẹ́bàá odò Bẹ́núé. Aṣọ tó mú wá, aṣọ tí yóò wọ̀ lọ sílé ni, nítorí ìyàwó ń dúró dè é. Ìyá mi ń wọn èjìká rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó sọ ọ̀rọ̀ tó bá wá.

"Mama, bàbá mi ní tí mo bá dé ilẹ̀ Yorùbá, kí n wá onílé kí n tó wá oúnjẹ. Níbi tí wọ́n kó wa sí, wọn ò jẹ́ kí á wá onílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe onílé mi."

Ìyá mi ká tépù rẹ̀. Nǹkan kékeré kọ́ ni ó bèèrè. Ó ní, "Obìnrin ni mí. Opó ni mí. Lọ wá ọkùnrin tó nílé tó lọ́nà." Ọmọkùnrin náà ní òun kò mọ ẹlòmíì. Ìyá mi ká aṣọ kan, ó tún un tú. Nígbà tó yá, ó wé gèlè, ó mú un sọdá sọ́dọ̀ olórí àdúgbò. Ọmọkùnrin náà dárúkọ bàbá rẹ̀, ó dárúkọ ìyá rẹ̀ àti ìlú wọn, bàbá arúgbó náà ń pè é tẹ̀lé e títí ahọ́n rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Nínú gbogbo àwọn tó wà nínú wáyà ẹlẹ́gùn-ún yẹn, òun nìkan ni ẹnikẹ́ni mọ orúkọ bàbá rẹ̀ ní Ìlá.

Ó wá ń wá sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Àìkú. Á pọn omi, á la igi, á jẹun bí ẹni pé wọ́n ní oúnjẹ fẹ́ tán láyé. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó tó fẹ́ fẹ́ yìí, kó yáa lọ kọ́ iṣẹ́ ìdáná púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti jẹun tán tí ọ̀rọ̀ bá wọ̀, ohun tó ń sọ kì í ṣe ẹ̀rín. Wọn kò ní bàtà. Wọn kò ní akoto tí wọn yóò dé sórí. Akoto wà, ó ní, funfun báláú, wọ́n gbé wọn kọ́ sára ògiri nínú ọ́fíìsì ọ̀gá. Ọjọ́ tí ará ìjọba bá ń bọ̀ láti Òṣogbo ni wọ́n máa ń kó wọn jáde. Kọ̀ńgílá tó lọ kó wọn nílé, tó ṣèlérí níwájú àwọn bàbá wọn pé òun á dá wọn padà, kò sí ẹni tó tún rí i sójú mọ́.

"Èkejì ẹ tí ẹ jọ wá lọ́jọ́sí ńkọ́?" ìyá mi bi í lọ́jọ́ kan. "Èyí tó ń wúkọ́."

"Wọ́n ní ó ti lọ ilé."

"Ó dágbére fún ọ?"

"Rárá, Mama. A wà níbi iṣẹ́. Nígbà tí a dé, ẹní rẹ̀ ò sí nílẹ̀ mọ́."

Ìyá mi gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì. Kò sí ẹ̀tù tó bú lọ́jọ́ náà. "Ọmọ ìlú yín ni?"

"Ọmọ ìlú wa ni. Bóyá ó ti dé ilé lóòótọ́."

Lẹ́yìn èyí, a tún gbọ́ pé ẹlòmíì ti lọ ilé, èyí tí òkúta já lù lọ́wọ́. Nígbà tó yá, a tún gbọ́ òmíràn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ nípa gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tó rí wọn ní gáréèjì. Ìyá mi ní kí ọmọ náà má padà síbẹ̀ mọ́, kó dúró sí ọ̀dọ̀ wa. Ó kọ̀. Òun ni àgbà láàárín àwọn tí wọ́n jọ wá láti ìlú wọn, ó ní bí òun bá sá, ojú wo ni òun á fi wo àwọn ìyá wọn. Ó wá sọ ohun kan fún ìyá mi nígbà tó ń lọ: "Bí wọ́n bá ní mo ti lọ ilé, ẹ má gbà. N kò ní lọ láì dágbére." Ìyá mi ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Mo tẹ̀lé olórí àdúgbò lọ sí káńsù. Akọ̀wé tó gbà wá lálejò, ọmọlúàbí ni, ó dìde fún bàbá, ó gbọ́ wa yé. Ó ní òfin wà. Ọ̀gá tó bá gba ènìyàn síṣẹ́ eléwu gbọ́dọ̀ fún un ní ohun ìdáàbòbò, bí ó bá ṣèṣe, kó tọ́jú rẹ̀, kó sì fi tó ìjọba létí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò sí lọ́wọ́ káńsù, àwọn tó ń rí sí i wà ní Òṣogbo. Òun á ránṣẹ́ sí wọn. Ó ránṣẹ́ lóòótọ́. Àfi bí ẹni pé wọ́n kọ́kọ́ fi tó ọ̀gá náà létí kí wọ́n tó gbéra. Ọjọ́ tí ọkọ̀ ìjọba dé, mo dúró lójú títì, mo ń wo àwọn ọmọ náà lókè àpáta pẹ̀lú akoto funfun lórí. Ará ìjọba náà mu míníràlì, ó bọ ọ̀gá lọ́wọ́, ó lọ.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ lẹ́yìn náà tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ fi wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ó mú ṣòkòtò wá, ó ní ẹnu rẹ̀ gùn, kí ìyá mi bá òun ṣẹ́ ẹ sókè. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ọmọ ilé. Yorùbá rẹ̀ dùn, ó gún bíi ti orí rédíò.

"Mama, wọ́n ní ẹ ti gba ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi ṣọmọ."

"Onílé rẹ̀ ni mí."

"Ẹ ṣeun. Ẹ kú ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ bá mi kìlọ̀ fún un kó yé sọ̀rọ̀ kiri. Ọ̀rọ̀ kiri kì í jẹ́ kí ènìyàn fọkàn sí iṣẹ́, òkúta sì léwu."

Ó dúró títí ìyá mi fi rán an tán, ó dúpẹ́, ó sì kí èmi náà kú ẹ̀kọ́. Mo mọ̀ pé ìyá mi náà gbọ́ ohun tí mo gbọ́, nítorí pé ó tú gbogbo ẹnu ṣòkòtò kejì tó wà níwájú rẹ̀ láìnídìí.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ọmọkùnrin náà kò wá. Ìyá mi bo oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ Àìkú kejì, kò wá. Ìyá mi kò dáná mọ́, ó ní kí n pe ọ̀kadà.

Mẹ́gáàdì kò jẹ́ kí a sún mọ́ géètì. Ó ní, "Ó ti lọ ilé." Bí ó ṣe sọ ọ́ yẹn, ó ti mọ́ ọn lẹ́nu.

"Kò lọ," ni ìyá mi wí. "Kò dágbére fún mi. Aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ ilé wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, n kò tíì fi bọ́tìnnì sí i."

Mẹ́gáàdì tilẹ̀kùn. Mo rò pé a ó padà ni. Ìyá mi wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí àpótí ìjókòó kan tí mẹ́gáàdì fi sílẹ̀ níta, ó gbé e sí àárín ọ̀nà tí àwọn típà ń gbà jáde, ó jókòó lé e. Ó ní kí n lọ sọ fún olórí àdúgbò. Nígbà tí mo mú bàbá dé, kò dá wá, àwọn arúgbó ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé e pẹ̀lú fìlà lórí àti ọ̀pá lọ́wọ́, gbogbo wọn sì jókòó yí ìyá mi ká lójú ọ̀nà. Kò sí ẹni tó pariwo. Típà àkọ́kọ́ tó kó òkúta bọ̀ fun fèrè lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí awakọ̀ rẹ̀ rí àwọn tó jókòó, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣe bákan náà. Ọmọ agbègbè wa ni wọ́n, ta ni nínú wọn ló fẹ́ fi ọkọ̀ tẹ bàbá bàbá rẹ̀ mọ́lẹ̀?

Ọ̀gá náà lọ pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá tó dé jẹ́ ọmọ Ọ̀tan Ayégbajú. Ó kí àwọn àgbà dáadáa, ó bi ìyá mi pé kí ló fẹ́.

"Àlejò mi ni mo fẹ́."

"Wọ́n ní ó ti lọ ilé, Mama."

"Kò dágbére."

Ọlọ́pàá náà yíjú sí ọ̀gá. "Ṣé kò dágbére ni?" Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, kò mọ bí ohun tí wọ́n bi í ti wúwo tó. Ṣùgbọ́n ojú ọlọ́pàá ti yí padà. Ibi tí wọ́n ti ń wo ara wọn ni ọ̀kan nínú àwọn afọ́kùúta ti sún mọ́ wáyà láti inú. Kò la ẹnu. Ó kàn gbé ọwọ́, ó nà án sí yàrá kékeré kan lẹ́yìn ọ́fíìsì, níbi tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí, ó sì yára padà sẹ́nu iṣẹ́.

Páànù ni wọ́n fi gbé e jáde. Òkúta ló ti wó lù ú lẹ́sẹ̀. Wọ́n fi àkísà dì í, wọ́n ń pe oníkẹ́mísì kan wá fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ń retí kó yá tàbí kó má yá. Òórùn rẹ̀ ti bá wa kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ó rí ìyá mi, ó ní, "Mama, ẹ kú iṣẹ́." Mo sunkún.

Ọ̀gá náà bọ́ sí àárín. Ó rọra sọ̀rọ̀ ni. "Ọ̀gá ọlọ́pàá, ẹ bá mi bi wọ́n. Ta ni yóò gba ọmọ yìí?"

Ìyá mi dìde. Ó sọ ọ́ ní Ìgbómìnà wa, ní ohùn tó gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lábẹ́ igi: òun ni onílé rẹ̀, òun ló gbà á, ohunkóhun tó bá kàn án, òun ni kí wọ́n bi. Gbogbo àwọn arúgbó náà mi orí. Ohun tó yẹ kí onílé sọ nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ láti ayébáyé nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́ dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá náà wo ọlọ́pàá. "Ẹ ti gbọ́ o," ó ní. Ó wá ní kí wọ́n ṣí ọ̀nà.

Dókítà ọsibítù ìjọba tí a gbé e lọ bá kò fi àkókò ṣòfò. Ó ní ẹsẹ̀ náà ti bàjẹ́, ìdọ̀tí ti ń wọ ẹ̀jẹ̀, kí á gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ní Ìlọrin lójú ẹsẹ̀. Kò sí epo lọ́kọ̀ ọsibítù. Kò sí epo ní ìlú. Ibi kan ṣoṣo tí epo wà ni àwọn dúrọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì ọ̀gá yẹn, níbi tí mọ́tò rẹ̀ wà. Èmi àti ìyá mi tún gun ọ̀kadà padà lọ bẹ ọ̀gá náà pé kó fún wa ní epo.

"Mama," ó ní, "ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀yin ni kí wọ́n máa bi. Ọlọ́pàá wà níbẹ̀, àwọn àgbààgbà wà níbẹ̀. Ọmọ yín ni. Àti pé èmi kọ́ ni mo gbà á síṣẹ́, kọ̀ńgílá ló kó wọn wá."

Mo bú ọkùnrin náà. Mo pè é ní ohun tí kò ṣe é kọ sílẹ̀ níbí, mi ò sì kábàámọ̀ títí di òní. Nítorí pé ní ilẹ̀ wa, bí àdá bá bu lébìrà lẹ́sẹ̀, onílé á dé, olóko náà á dé. Bí onílé ṣe jẹ́ ẹni tí wọ́n ń bi, kò ní kí olóko má gbé àlejò lọ sí ọsibítù. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi sọ ọ́ jáde. Ọ̀gá yẹn kò gbà ju ìdajì àṣà wa lọ. Ìdajì tó rọrùn fún un ló mú, ó fi èyí tó kù sílẹ̀, ó sì fi ẹnu ìyá mi ṣe ẹlẹ́rìí. A padà délé láìrí epo gbà.

Ó di ọjọ́ kejì kí á tó rí ọkọ̀, pikọ́ọ̀pù oníṣòwò obì kan tó fi epo díẹ̀ pamọ́. A tẹ́ ẹní sẹ́yìn rẹ̀, ìyá mi gbé orí ọmọ náà lé itan. Ooru mú, ara rẹ̀ sì gbóná ju ooru lọ. Ó ń sọ èdè wọn, a kò gbọ́. Nígbà tí a kọjá Òmù-Àrán, ọkàn rẹ̀ padà bọ̀ sípò díẹ̀. Ó di ọwọ́ ìyá mi mú.

"Mama, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé mo ti lọ ilé."

A kò tíì dé Ìlọrin tó fi kú. Ìyá mi kò sọ fún awakọ̀. Ó fi ìborùn rẹ̀ bo ojú ọmọ náà, kí oòrùn má baà pa á, ó ní. Èmi ni mo gbá ojú fèrèsé kí awakọ̀ náà dúró.

A gbé e padà sí Ìlá, a sin ín pẹ̀lú gínnì búlúù rẹ̀ lára. Ìyá mi ti fi bọ́tìnnì sí i. Olórí àdúgbò dúró lórí sàréè, ó pe orúkọ bàbá rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ sókè bí ọmọ náà ṣe kọ́ ọ. Akọ̀wé káńsù wá, ó wá pẹ̀lú ìtìjú, ó sì fi ìbínú gba Òṣogbo lọ fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi rí epo kó jọ, tí àwọn ará ìjọba fi dé lẹ́ẹ̀kejì, ilé páànù ti ṣófo. Ilé-iṣẹ́ ti kó ẹ̀rọ, wọ́n ti kó àwọn ọmọ náà lọ. Mẹ́gáàdì nìkan ló kù, ó ń tú wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Ará ìjọba bi í pé àwọn òṣìṣẹ́ dà. Mo wà níbẹ̀, mo mọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó sọ ọ́.

Ó ní wọ́n ti lọ ilé.

Ará ìjọba náà ní kí á dárúkọ wọn, kí á dárúkọ ìlú wọn, òun á wá wọn kàn. Orúkọ kan ṣoṣo ni a mọ̀, ti ẹni tí a ti sin. Lẹ́yìn èyí ni káńsù àti àwọn olórí àdúgbò fẹnu kò pé ilé-iṣẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ kó òṣìṣẹ́ wọ ilẹ̀ wa mọ́ láìjẹ́ pé ó mú wọn wá síwájú àwọn àgbà, kí wọ́n sọ orúkọ àti ìlú wọn, kí ọ̀gá sì sọ lójú gbogbo ayé pé òun ló gbà wọ́n síṣẹ́, ìtọ́jú wọn sì wà lọ́rùn òun. Òfin náà dára. Mo gbọ́ pé wọ́n ń lò ó. Kò sí afọ́kùúta kankan ní Ìlá nígbà tí wọ́n ṣe é.

Ó ku ohun tí onílé gbọ́dọ̀ ṣe. Wọn kì í fi ikú àlejò ránṣẹ́. Èmi àti ìyá mi wọ ọkọ̀, a gba Kàbbà, a gba Lọ́kọ́ja, a sọdá odò. A sùn sọ́nà, a tún wọ ọkọ̀ mìíràn, a bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tí kò gbọ́ èdè wa, orúkọ bàbá ọmọ náà nìkan ni a ń pè. Orúkọ náà ló gbé wa dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Bàbá arúgbó kan jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń hun agbọ̀n. Ìyá mi kí i ní Yorùbá. Ó sọ agbọ̀n náà kalẹ̀. Mo rò pé ó ti mọ̀, nítorí pé kò sí ohun rere tí yóò gbé obìnrin Yorùbá méjì wá sí ojúlé rẹ̀.

Ìyá mi kúnlẹ̀, ó sọ fún un. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Bàbá náà gbọ́ ọ tán, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ó bèèrè ní Yorùbá àtijọ́ tó kọ́ nínú oko Ọ̀rà: "Ta ni onílé rẹ̀?"

"Èmi ni," ni ìyá mi dáhùn.

Ó na ọwọ́, ó gbé ìyá mi dìde nílẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò tíì rí irú ìyẹn rí, kí wọ́n pa ọmọ ènìyàn kó máa dúpẹ́. Ẹ̀yìn náà ló wá ké sí àwọn ará ilé ní èdè wọn, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti àwọn agboolé tó yí wa ká. Ẹkún ni mo ń retí. Wọ́n kò sunkún. Wọ́n wá síwájú ìyá mi, wọ́n ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan ń ti èkejì, olúkúlùkù ń dárúkọ kan. Bàbá náà ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún wa.

"Ìyá yìí ní ta ni onílé ọmọ tirẹ̀. Èyí náà ní ta ni onílé tirẹ̀. Èyí ní ọwọ́ òsì ni tirẹ̀ ń lò, bóyá ẹ rántí rẹ̀."

Ìyá mi yíjú wò mí. Ó wá dáhùn. Ó ní ilé-iṣẹ́ sọ fún wa pé wọ́n ti lọ ilé.

Bàbá náà kò sọ ìyẹn ní èdè wọn fún àwọn obìnrin náà. Ó yíjú sí ìyá mi.

"Ìyá," ó ní, "ibí ni ilé."